Ráútà Tiwa Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì Wọn

 Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá sójú ewé yìí lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti oríkì, kì í sì í ṣe ti gírámà. Ọ̀rọ̀ ráútà ni, ìyẹn àpótí kékeré oníná wíńníwínní tí ó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa nínú ilé. Ẹni tí ó bá rò pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò yẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Yorùbá, kí ó fara balẹ̀ kà á dé ibi tí ọmọ Yorùbá mẹ́jọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà nítorí rẹ̀.

Ilé alájùmọ̀gbé ni àwa tí a ń kọ ìwé yìí ń gbé ní Alakahia, yàrá márùn-ún, ènìyàn mẹ́jọ. A dá owó jọ, a sì gba íńtánẹ́ẹ̀tì ilé lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n gun òrùlé lọ gbé antẹ́nà sí i, wọ́n fa waya sọ̀kalẹ̀ wá sí pálọ̀, wọ́n gbé àpótí tiwọn kọ́ sára ògiri, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Oṣù àkọ́kọ́ dára. Ní oṣù kejì, dátà tí ó yẹ kí ó tó wa fún ọgbọ̀n ọjọ́ tán ní ọjọ́ kẹtàlá. Ní oṣù kẹta, ó tán ní ọjọ́ kọkànlá. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ariwo nìyẹn. Àwọn kan ní ẹni tí ó ń wo bọ́ọ̀lù ní yàrá iwájú ni ó ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ó ń wo bọ́ọ̀lù ní àwọn tí ó ń wo fíìmù Kòríà láti alẹ́ mọ́jú ni kí wọ́n lọ bá. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, kò dá owó oṣù kẹrin. Nígbà tí a wá fẹ́ wo inú àpótí náà kí a lè mọ ibi tí dátà ń gbà lọ, a rí i pé ilé-iṣẹ́ ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Orúkọ Wi-Fi àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ nìkan ni wọ́n fún wa láyè láti yí padà. Àpótí náà wà nínú ilé wa, iná wa ni ó ń jẹ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa.

Ohun tí ó mú wa lọ ra tiwa nìyẹn. Kí a tó sọ ohun tí a rí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú àpótí, nítorí àìmọ̀ rẹ̀ ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi owó ra ohun tí kò ní wúlò.

Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ kìíní ni gbígbọ́ èdè ilé-iṣẹ́. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń gba inú okùn fáíbà wá gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀, tàbí tí ó ń gba afẹ́fẹ́ wá láti orí òpó, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò yí i padà sí ohun tí waya kọ̀ǹpútà lè gbé. Módẹ́mù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kejì ni pínpín, èyí sì ni iṣẹ́ ráútà gan-an. Nígbà mìíràn, àpótí kan ṣoṣo ni ó ń ṣe méjèèjì. Nígbà mìíràn, àpótí méjì ni.

Ẹ rántí agboolé. Bí lẹ́tà bá ti ọ̀nà jíjìn wá, orúkọ baálé ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ń pín lẹ́tà kò mọ Àdùkẹ́ tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Baálé ni ó mọ̀ ọ́n. Baálé yóò gba lẹ́tà, yóò wò ó, yóò sì ní, "Ẹ gbé e fún Àdùkẹ́." Iṣẹ́ tí ráútà ń ṣe nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ fún gbogbo ilé ní àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ráútà wá fún fóònù àti láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì abẹ́lé, èyí tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń béèrè nǹkan, kí èsì má baà ṣìnà lọ sí yàrá ẹlòmíràn. NAT ni àwọn onímọ̀ ń pe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá wà ní ipò baálé ni ó mọ iye ènìyàn tí ó wà nínú ilé, ẹni tí ó ń gba lẹ́tà jù, àti ẹni tí kò yẹ kí ó máa gba lẹ́tà níbẹ̀ rárá. Ilé-iṣẹ́ ni ó fi baálé jẹ nínú ilé tiwa.

Ìjà lórí ẹni tí ó ni àpótí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà láyé ijọ́un, ilé-iṣẹ́ AT&T ni ó ni tẹlifóònù, láti ara waya títí dé ara ohun tí ènìyàn ń gbé sétí, wọn kò sì gbà kí oníbàárà so nǹkan àjèjì mọ́ ọn. Ọkùnrin ará Texas kan, Thomas Carter, wá ṣe ẹ̀rọ kan tí ó pè ní Carterfone. Ẹ̀rọ náà ń jẹ́ kí ẹni tí ó ń fi rédíò sọ̀rọ̀ láti oko màlúù tàbí láti ibi tí wọ́n ti ń wa epo lè bá ẹni tí ó wà lórí tẹlifóònù nílé sọ̀rọ̀. Àwa tí a ń gbé ìlú epo kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìdí tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ fi tà. AT&T halẹ̀ mọ́ àwọn tí ó rà á, Carter sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ní 1968, FCC, àjọ tí ó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ náà, pinnu pé bí ohun tí oníbàárà so mọ́ waya kò bá ti ba waya jẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti so ó. Ìpinnu yẹn ni ó ṣí ọ̀nà fún fákìsì àti módẹ́mù tí kì í ṣe ti AT&T láti wọ inú ilé àwọn ènìyàn. Ní Yúróòpù, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2015 sọ pé ẹni tí ó bá ń sanwó íńtánẹ́ẹ̀tì lè lo ẹ̀rọ tí ó bá wù ú nínú ilé rẹ̀, ilẹ̀ Jámánì sì fi òfin tirẹ̀ lé e: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi dandan mú oníbàárà lo ráútà rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fún un ní gbogbo orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí yóò fi so tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀bẹ̀.

Nílé tiwa, àjọ NCC, tí òfin ìjọba ológun 1992 dá sílẹ̀, tí òfin ìbánisọ̀rọ̀ 2003 sì tún fún lágbára, ni ó ń wo irú ẹ̀rọ tí ó lè wọ inú ìbánisọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí irú ẹ̀rọ náà ti gba ìfọwọ́sí àjọ kí wọ́n tó máa tà á. Ohun tí ó kù wà nínú ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ yín jọ fọwọ́ sí, èyí tí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà. Ẹ kà á. Bí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn tí ilé-iṣẹ́ kò sì dá yín lóhùn, 622 ni nọ́ńbà tí NCC yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀sùn oníbàárà, pípè é kò sì gba owó.

Ó wá kù sí ọ̀nà tí íńtánẹ́ẹ̀tì gbà wọ ilé yín, nítorí kò sí ráútà kan tí ó bá gbogbo ọ̀nà mu.

Ráútà oníkáàdì SIM ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, òun náà sì ni ẹ̀tàn pọ̀ sí jù. Ohun méjì ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó. Èkíní, ṣé ó ṣí sílẹ̀ fún SIM gbogbo, tàbí ilé-iṣẹ́ kan ti tì í pa mọ́ SIM tirẹ̀? Ẹ gbé SIM yín lọ sọ́jà, kí ẹ kì í bọ̀ ọ́ níbẹ̀ lójú ẹni tí ó ń tà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Èkejì ni ìgbì rédíò rẹ̀, èyí tí ẹ̀gbọ́n tí ó ń fi tòkunbọ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun kì í ronú kàn. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbì tí ìjọba fún un. Smile fi 800 MHz bẹ̀rẹ̀ 4G tirẹ̀ ní 2013, Ìbàdàn ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. MTN náà rí 800 MHz gbà nígbà tí ó ra Visafone ní ìparí 2015. Orí 700 MHz ni Glo gbé 4G tirẹ̀ kà ní 2016. Ti 5G, 3.5 GHz ni wọ́n ta ní gbàǹjo ní oṣù kejìlá 2021, tí MTN àti Mafab sì fẹnu kò sí mílíọ̀nù 273.6 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan. MTN tan tirẹ̀ ní 2022. Ráútà tí a ṣe fún Amẹ́ríkà lè máa tàn yanran kí ó má sì gbọ́ 800 MHz rárá, nítorí wọn kò fi irú 800 MHz ti Yúróòpù yẹn ṣe 4G lọ́hùn-ún. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Èdè ni kò gbọ́. Gbogbo ìgbì tí ráútà gbọ́ wà lára ìwé rẹ̀ tàbí lábẹ́ ìdí rẹ̀, ẹ bá ìgbì òpó àdúgbò yín wé e. Ẹ tún bèèrè bóyá ètò dátà ilé tí ẹ fẹ́ rà ni wọ́n so mọ́ IMEI ráútà tiwọn, nítorí bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, SIM náà kò ní gba ètò yẹn nínú ráútà yín. Àwọn kan nínú ọgbà máa ń sọ pé àwọn lè yí IMEI padà. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ti fáíbà rọrùn láti ṣàlàyé. Àpótí tí okùn fáíbà wọ̀, tí wọ́n ń pè ní ONT, ilé-iṣẹ́ ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà. Ohun tí ẹ ó bèèrè ni kí wọ́n gba iṣẹ́ ráútà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa ṣe afárá lásán, kí ráútà tiyín tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá di baálé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń lo ètò kan tí ń jẹ́ PPPoE, tí ráútà yóò fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù wọlé. Ẹ gba méjèèjì lọ́wọ́ wọn kí ẹnjiníà tó kúrò nílé. Ti Starlink, tí ó wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023, ètò kan wà nínú áàpù rẹ̀ tí ó ń mú ráútà tirẹ̀ dákẹ́ kí tiyín lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwo onígun mẹ́rin ìran kejì kò ní ihò waya lára ráútà rẹ̀, ẹ ó fi owó ra ohun tí ẹ ó fi so ó. Ráútà ìran kẹta ní ihò tirẹ̀.

Antẹ́nà orí òrùlé, irú ti ilé wa, ni a lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù, nítorí owó wa ti bá a lọ. Rédíò orí òrùlé ni módẹ́mù níbí, ti ilé-iṣẹ́ sì ni. Waya kan ṣoṣo ni ó ń ti òkè bọ̀: ó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀kalẹ̀, ó sì ń gbé iná gòkè lọ fún rédíò. Àpótí dúdú kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ni ó ń fi iná sínú waya náà. Ihò méjì ni ó ní, wọ́n jọra bí ìbejì. Wọ́n kọ POE sí ọ̀kan, wọ́n kọ LAN sí èkejì. Waya orí òrùlé ni ó ń wọ ihò POE, ráútà ni ó ń wọ ihò LAN. Ní alẹ́ tí a gbé ráútà tuntun dé, gílóòbù pálọ̀ ti kú láti ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni a ń lò, ẹni mẹ́ta sì ń pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà. A ki ráútà bọ ihò POE. Iná 24 fóòtì gba ihò tí a kò ṣe fún un wọlé. A kò gbọ́ ariwo kankan. Òórùn ni a gbọ́. Ráútà tí a dá owó rà ní ọ̀sán kò rí ọ̀gànjọ́.

Èkejì ni a wá fi sùúrù so ní ọjọ́ kejì, lójú mọmọ. Ẹ tún ṣọ́ra fún adápítọ̀: ti rédíò àti ti ráútà lè ní ẹnu kan náà kí ọ̀kan jẹ́ 24 fóòtì kí èkejì jẹ́ 12. Ẹ fi táìpù lẹ orúkọ mọ́ wọn lára.

A fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa tòkunbọ̀ mìíràn, nítorí ó ń jẹ owó àwọn ọmọ wa. Ráútà kan wà tí ihò tí ó fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì kéré ju ti waya kọ̀ǹpútà lọ, ó jọ ti tẹlifóònù. Waya tẹlifóònù ilẹ̀ ni a ṣe é fún. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì ó ní ibi tí a ń kì í bọ̀. Níhìn-ín, NITEL tí ó ni irú waya bẹ́ẹ̀ ti kógbá wọlé, wọ́n sì ti ta dúkìá rẹ̀ fún NATCOM ní 2015. Ẹ wá ihò tí wọ́n kọ WAN sí, tí ó sì gba waya kọ̀ǹpútà. Bí kò bá sí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á.

Bí ó bá ti di pé ẹ ní ráútà tí ó bá ọ̀nà yín mu, iṣẹ́ tí ó kù kò ju wákàtí kan lọ. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ohun tí ó wà lábẹ́ àpótí ilé-iṣẹ́, pàápàá nọ́ńbà MAC rẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ mìíràn kì í dá ẹ̀rọ tí kò mọ nọ́ńbà rẹ̀ lóhùn. Ẹ lè pè wọ́n kí wọ́n kọ nọ́ńbà tuntun sílẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ráútà yín máa jẹ́ nọ́ńbà àpótí àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ráútà ní ètò yẹn. Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà, kí ẹ tẹ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 sí ibi tí ẹ ti ń tẹ àdírẹ́sì. Ilẹ̀kùn ráútà ni ó ṣí yẹn. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ yí páswọ́ọ̀dù alábòójútó padà, kì í ṣe ti Wi-Fi nìkan. Ẹ yan WPA2 tàbí WPA3 fún ìdáàbòbò Wi-Fi, kí ẹ sì pa WPS. Ní ti ìkànnì 2.4 GHz, 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun orí ara wọn. Ní Choba, níbi tí Wi-Fi ogún ti lè jáde lójú fóònù kan, ẹ yan èyí tí àwọn aládùúgbò kò pọ̀ lórí rẹ̀. 5 GHz yára jù, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù ń dá a dúró, nítorí náà ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé ni kí ẹ gbé ráútà sí, kì í ṣe ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tí a rí wá nìyí. Ọ̀lẹ ni ó jẹ́ kí a fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù Wi-Fi àtijọ́ sí ráútà tuntun, kí a má baà tún máa so fóònù gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn mẹ́jọ ni wá, fóònù mẹ́jọ, láptọ́ọ̀pù márùn-ún, àpapọ̀ mẹ́tàlá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ráútà ti ka ẹ̀rọ mọ́kànlélógún. Mẹ́jọ kì í ṣe tiwa. Ọmọ ilé wa kan ni ó fún àlejò ní páswọ́ọ̀dù ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, àlejò sì fún ẹlòmíràn. Fóònù òde òní kò tilẹ̀ nílò kí ènìyàn mọ páswọ́ọ̀dù kí ó tó fi àwòrán QR pín in. Fún ọjọ́ mẹ́ta, a fi wọ́n sílẹ̀ kí a lè ka ohun tí wọ́n ń jẹ. Ìdajì dátà wa ni. Nínú ìdajì tí ó kù, ẹ̀rọ tí ó jẹ jù kì í ṣe ti oníbọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ti oníKòríà. Fóònù ẹni tí ó kọ̀ láti dá owó ni. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀: fóònù náà ń kó gbogbo fídíò tí ó ya lọ sí ibi ìpamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní òru, bí ó ti ń sùn. Ó dákẹ́ nígbà tí ó rí nọ́ńbà náà. Àwa yòókù náà dákẹ́, nítorí ohun tí a ti pe ara wa kò ṣe é tún pè.

A yí páswọ́ọ̀dù padà. A ṣe Wi-Fi ọ̀tọ̀ fún àlejò, tí iyara rẹ̀ kéré, tí ó sì ń kú ní agogo mẹ́wàá alẹ́. A fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀. Dátà oṣù yẹn dé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Ẹ má rò pé nítorí jíjẹ dátà nìkan ni a ṣe ní kí ẹ yí páswọ́ọ̀dù alábòójútó. Ní 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Mirai rìn káàkiri ayé, ó ń gbìyànjú páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ta ráútà àti kámẹ́rà, irú "admin" àti "1234", èyí tí àwọn olówó wọn kò yí padà. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún náà, ìran kan nínú kòkòrò yìí gbìyànjú láti gba ẹnu ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ fi ń ṣàkóso ráútà oníbàárà láti ọ̀nà jíjìn. Ní Jámánì nìkan, ráútà bí 900,000 tí Deutsche Telekom fún oníbàárà ni ó dákẹ́. Ìhà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní. Kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ lè bọ́ sọ́wọ́ olè. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń tún sọ́fúwéà ráútà tirẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin ni ẹ ó máa ṣe é. Ẹ máa wo ibi ìmúdọ̀tun ráútà yín ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan. Ráútà tí ẹni tí ó ṣe é ti pa tì kò sàn ju ti ilé-iṣẹ́ lọ.

Àwọn kan ti bi wá pé, ṣé bí àwọn bá lo ráútà tiwọn, ilé-iṣẹ́ kò ní mọ ohun tí àwọn ń wò mọ́? Rárá o. Baálé ti yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà ṣì jẹ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà òde òní ni a ti fi èdìdì dì, wọn kò lè ka inú rẹ̀. Ẹ̀yìn àpòòwé ni wọ́n ń rí, ìyẹn ibi tí ẹ kọ̀wé sí.

Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ láti mú àpótí tiwọn dákẹ́, ẹ ṣì lè so tiyín mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Baálé méjì yóò wá wà nínú agboolé kan. Fún kíkà, wíwo fídíò àti WhatsApp, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ó ń ta géèmù tàbí tí ó fẹ́ wọ kọ̀ǹpútà ilé láti inú ọgbà ni yóò mọ̀. Ẹ rí i pé àdírẹ́sì abẹ́lé ti àwọn méjèèjì kò jọra: bí ọ̀kan bá ń lo 192.168.1, kí èkejì lo 192.168.5. Bí àdírẹ́sì tí ráútà yín gbà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ bá sì wà láàárín 100.64 sí 100.127, ilé-iṣẹ́ náà ní baálé ńlá tirẹ̀ lókè, tí ó ń pín àdírẹ́sì kan fún ọ̀pọ̀ ilé, nítorí àdírẹ́sì irú ti àtijọ́ kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ ní gbogbo ayé. Kò sí ráútà tí ẹ lè rà tí yóò yí ìyẹn padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná àti òjò. Òjò tí ó ń rọ̀ ní Port Harcourt lọ́dún ju 2,000 mìlímítà lọ, ààrá sì ń bá a rìn. Bí ó bá ti ń kù, kí ẹ yọ waya iná, kí ẹ sì yọ waya tí ó ti orí òrùlé wá pẹ̀lú. Ìkejì yìí ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé, òun sì ni ààrá fẹ́ràn. Ráútà 12 fóòtì tí ó ń jẹ ámpù kan jẹ́ 12 wáàtì. Bátìrì 12 fóòtì oní 7 ámpù-wákàtí lè gbé e fún wákàtí méje bí a bá fi ìṣirò nìkan wò ó; ṣùgbọ́n kí bátìrì má baà tètè kú, ìdajì ni kí ẹ fọkàn sí. Bí ó bá jẹ́ ti antẹ́nà, ẹ rántí pé rédíò òkè náà ń jẹ iná, bí òun bá kú, ráútà yín yóò máa tan iná lásán.

Ẹ má jù àpótí ilé-iṣẹ́ nù. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá kú tí ẹ sì pè wọ́n, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbọ́ ni pé ráútà yín ni ó fà á. Ẹ so àpótí tiwọn padà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí kò bá ṣiṣẹ́ síbẹ̀, ẹ tún wọn pè, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ṣe àti agogo tí ẹ ṣe é. Ìgbà méjì ni ìyẹn ti gbà wá nínú sáà kan. Tiwa wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú adápítọ̀ rẹ̀ tí a ti lẹ orúkọ mọ́. Páswọ́ọ̀dù alábòójútó wà nínú ìwé akápò ilé. Ẹni tí kò dá owó oṣù kẹrin nígbà náà ni akápò.